Ọmọ Tí Kò Dé Iwájú Pẹpẹ

Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìfọ́n, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lónìí, ìwé tí wọn yóò kó jọ kò kéré. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi wà níbẹ̀, lẹ́tà òbí tọ̀tún tòsì wà níbẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀: jẹ́nótáìpù, kòkòrò HIV, nígbà mìíràn àyẹ̀wò oyún pẹ̀lú. Wọ́n á jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbọ́ bí a ṣe ń ná owó nínú ilé, bí a ṣe ń bá àna gbé, bí a ṣe ń parí ìjà kó tó di ti gbogbo àdúgbò. Ní ìjọ Áńgílíkà, wọ́n á ka orúkọ wọn sí etí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn lè sọ ọ́. Nídìí yìgì náà, àwọn Ààfáà tó ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Ọjọ́ orí ìyàwó ni ìgbìmọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, kò sì yani lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó bá jókòó síwájú wọn ti jáde ní pọ́lì tàbí yunifásítì, ó ti sin ìjọba, ó sì ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún ju ogún lọ. Ọmọ ọdún 16 kì í dé ibẹ̀. Òun náà wà ní Ọ̀wọ̀, ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tí Ìfọ́n wà, ó sì ń wọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wọ̀ ọ́ kò kọjá níwájú pẹpẹ, kò sì kọjá lórí ẹní yìgì. Oyún ló gbé e lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀sìn kọ́ ló ń fa ìgbéyàwó ọmọdé ní agbègbè wa, ẹ̀sìn kọ́ ló sì lé e jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sún ọjọ́ orí ìgbéyàwó síwájú, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ìtìjú tí àwa onísìn dì mọ́ oyún ọmọdé ló ń ti àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù wọ ilé ọkọ láìtọ́jọ́. Nígbà tó jẹ́ pé àwa la dì í, àwa la lè tú u.

Àwọn kan gbà pé láyé àtijọ́, kò sí ọmọbìnrin Yorùbá tó ń pé ogún ọdún nílé bàbá rẹ̀, pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ló sọ ìgbéyàwó di ohun àgbàlagbà. Àwọn tó kọ ìtàn wa sílẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà Áńgílíkà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, kọ nípa ayé kan tí ọkùnrin ti máa ń gbó sí iṣẹ́ oko, tí obìnrin náà sì ti máa ń dàgbà dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sí wọn létí. N. A. Fadipe, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 lórí àwùjọ Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1970, ṣàlàyé bí ètò ìgbéyàwó ṣe máa ń gùn: ìfojúsọ́de, alárinà, ìjọ́hẹn, ìdána, títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì.

Ohun tó mú un gùn bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbéyàwó jẹ́ iṣẹ́ fún ọkùnrin. Ọ̀dọ́kùnrin kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, oko bàbá ló ń ro. Bí wọ́n bá ti bá a tọrọ ìyàwó, yóò máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna lọ́dọọdún, yóò máa gbé iṣu lọ fún wọn nígbà ọdún, bàbá rẹ̀ yóò sì máa kó owó orí jọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí bí ọmọ ogún ọdún ṣe lè yára ṣe gbogbo èyí tán. Ọmọbìnrin náà kò jókòó lásán. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ, lórí òfì tó dúró lóòró, irú aṣọ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀nà jíjìn, Seghosen lára wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe ohun tí a ń mọ̀ láàárín oṣù méjì. Ọmọ tó bá mọ aṣọ hun ti ní ohun tí yóò máa fi bọ́ ara rẹ̀ nílé ọkọ. Ìyá tó bá nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í fẹ́ kó lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dá.

Síbẹ̀, n kò ní ṣe ayé àtijọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ara ọmọbìnrin ló ń dàgbà kó tó lọ, ọ̀rọ̀ kì í sábà wá láti ẹnu rẹ̀. Wọ́n lè fojú sọ ọ́ nígbà tó wà lórí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n á bi Ifá, Ifá á sì fèsì, ṣùgbọ́n àwọn tó lọ béèrè ni àwọn àgbà ilé méjèèjì. Bó bá dàgbà tán tí ọkàn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ìjà ìdílé ló dá sílẹ̀ yẹn. Nítorí náà, àwọn baba ńlá wa fún ọmọbìnrin ní àkókò, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fún un ní ẹnu.

Ibẹ̀ ni ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ti máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìgógò, ọdún tó tóbi jù ní Ọ̀wọ̀, tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè máa ń dirun, tí agogo ń dún dípò ìlù lóṣù September, nítorí obìnrin kan ni wọ́n ṣe ń ṣe é: Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Kó tó gbà láti jókòó sí ààfin, ó ka èèwọ̀ rẹ̀ fún ọba: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ da omi nù lójú rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọba gbà. Ọjọ́ tí àwọn orogún rẹ̀ dìtẹ̀, tí wọ́n sì da májẹ̀mú yẹn nù, ó jáde nílé, kò sì padà. Ìlú tó ń bọlá fún ìyàwó tó kọ́kọ́ sọ ohun tó lè gbà àti ohun tí kò lè gbà kó tó wọlé ọkọ, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìdí ju ìlú mìíràn lọ láti bi ọmọbìnrin léèrè: ṣé o ti tó, ṣé o sì fẹ́?

Àwọn míṣọ́nnárì dé pẹ̀lú ìgbéyàwó olórùka. Òfin rẹ̀ jáde ní Èkó ní 1884, òfin 1914 sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà la ṣì ń lò: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ òbí. Àwọn díẹ̀ ló kàn nígbà náà, àwọn akọ̀wé, tíṣà àti àwọn ọmọ àlùfáà. Ohun tó kan gbogbo ilé ni ilé-ẹ̀kọ́, ọwọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ gidigidi.

Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀, ló kọ ìwé àbá tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sọ di ètò ẹ̀kọ́ wọn. Nínú oṣù January 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá tó jẹ́ pé ọmọkùnrin nìkan ló lè sanwó fún tẹ́lẹ̀ kò ní àwáwí mọ́. Nígbà tí Ajásin fúnra rẹ̀ di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ní October 1979, ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ́lì sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, èyí tó ń jẹ́ Rufus Giwa Polytechnic lónìí. Ọmọbìnrin Ìpèlé tàbí Ìdóàní kò ní láti ré kọjá odò kó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 6, ó lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 6 ní girama. Ó ti di 18. Ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé, ó tún un ṣe. Ó lo ọdún 4 tàbí 5 ní yunifásítì, ìyẹn bí àwọn olùkọ́ kò bá daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 9 ní 2020, wọ́n tún dá a sílẹ̀ fún oṣù 8 ní 2022. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan ti NYSC, tó ti wà láti 1973. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọmọ ti di 25, kò sì tíì rí iṣẹ́. Kò sí ìwàásù kankan tó sún ọjọ́ orí ìgbéyàwó síwájú tó ètò ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wàásù gan-an ló rán ọmọbìnrin tiwọn lọ, tí wọ́n sì ń fi fọ́tò ìgboyè wọn ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí kò gbẹ́yìn. Láti 1923 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ti ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ Mùsùlùmí má bàa pààrọ̀ ẹ̀sìn nítorí ìwé. Ní 1985, FOMWAN, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sì wà lára ohun tí wọ́n dìde fún. Àṣà tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ ti so ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ ìgbéyàwó tipẹ́. Wòlímọ̀ ni mo ń sọ. Ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ yóò jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò tẹjú mọ́ wàláà, yóò ka Àlùkùráánì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó sìn ín lọ. Ohun tí èyí ń sọ fún àwọn àna ni pé ẹni tó kàwé ni ẹ ń mú lọ. Lónìí àwọn ọmọ kéékèèké náà ti ń ṣe wòlímọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú wòlímọ̀ ìyàwó yẹ ní pípamọ́: kíkà ni kó ṣáájú, kí yìgì tẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ọjọ́ orí ìgbéyàwó, àwọn Kristẹni kan á yára nawọ́ sí Mùsùlùmí. Kí wọ́n rọra. Ìwé òfin ìjọ Kátólíìkì, ní ẹsẹ 1083, ṣì fi ọdún 16 fún ọkùnrin àti ọdún 14 fún obìnrin gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. England, tí ìjọ Áńgílíkà ti wá, ṣì ń gba ọmọ ọdún 16 láyè láti ṣègbéyàwó pẹ̀lú àṣẹ òbí títí di February 2023, nígbà tí òfin tuntun gbé e sí 18. Ní Amẹ́ríkà, 2018 ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́, Delaware, fòfin de ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé 18 pátápátá, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn kò sì tíì ṣe é. Ní ọwọ́ kejì, ní June 2019, níbi ìpàdé àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Dakar, igbákejì Ìmáàmù Àgbà ti Al-Azhar, ilé ìmọ̀ Ìsìláàmù tó lókìkí jù ní Íjíbítì, gbé fátúwà jáde pé ọdún 18 ni ó yẹ kí ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀, kí ìfẹ́ inú ọmọbìnrin sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn tó bọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò lè yí padà.

Ní Ọ̀wọ̀ pàápàá, ìyapa yẹn kò bá ilé wa mu. Ẹ̀gbọ́n á jẹ́ Alhaji, àbúrò á jẹ́ díákónì, ìyá wọn á ṣì máa lọ wo Ìgógò. Bí ọmọ ilé bá fẹ́ gbéyàwó, gbogbo wọn ló máa jókòó pọ̀, aṣọ ẹbí kan náà ni wọ́n máa wọ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ní pálọ̀ yẹn ni òfin tó lágbára jù ní agbègbè wa.

Òfin ìjọba wà, ó tilẹ̀ ṣe kedere. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ní ẹsẹ 21 pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó tó bófin mu. Ìtanràn 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ ọmọdé tàbí tó fi í fọ́kọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ òfin náà di tirẹ̀ ní 2007. Àmọ́ Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní ẹsẹ 29, ṣì sọ níbi tó ti ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ pé obìnrin yòówù tó bá ti lọ́kọ ti di àgbà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbìyànjú láti yọ ọ́ ní July 2013, Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima takò ó ní orúkọ ẹ̀sìn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kan náà ní ọmọ tí kò bá tíì pé 18 kéré jù láti wọ yunifásítì, kí mínísítà tuntun tó dá a padà sí 16 nígbà tó di November. Orílẹ̀-èdè tó ti bẹ̀rù rí pé ọmọ ọdún 17 kò tíì lè dá gbé ní họ́sítẹ̀lì kò gbọdọ̀ fi gbólóhùn kankan sílẹ̀ nínú ìwé òfin rẹ̀ pé ìgbéyàwó lè sọ ọmọ ọdún 13 di àgbà.

Nínú ìwádìí NDHS ti 2018, nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 20 sí 24 ní Nàìjíríà, 43 ló ti wọlé ọkọ kó tó pé 18. Ìwádìí MICS ti 2021 fi í sí 30. Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn wà lára ibi tó ti kéré, Àríwá ni ó ti wúwo jù. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ jù. A rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

Ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ rárá ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ti dàgbà tí kò tíì lọ́kọ. Ẹ lọ sí òkè àdúrà èyíkéyìí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àdúrà lórí ìdádúró ìgbéyàwó kì í wọ́n níbẹ̀. Ọmọ ọdún 29 tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú àwọn òbí rẹ̀, tó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò, ni wọ́n ń sọ fún pé ọkọ ọ̀run ló dì í mú. Wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n rí á dì í lọ́wọ́ mú: "Tìrẹ ńkọ́? Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì tìrẹ?" Àdúrà ni ìyá náà rò pé òun ń gbà fún un. Ọmọ yẹn á rẹ́rìn-ín, á ní "Ẹ ṣé, mà", á sì lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀.

Mi ò sọ pé kí a má gbàdúrà. Ìyá tó ń bẹ̀rù pé kí ọjọ́ má lọ lórí ọmọ òun kò ya wèrè. Ara obìnrin ní àkókò fún ọmọ bíbí, àwọn dókítà náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa la rán ọmọ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún 16, tí a ní kó má wo ojú ọkùnrin títí yóò fi parí, tí a sì retí pé kí ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó gba ìwé ìgboyè. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò rí iṣẹ́, owó ìdána àti aṣọ ẹbí ti kọjá agbára wọn. Kò sí ẹ̀mí òkùnkùn nínú ìyẹn. Bí ìjọ bá fẹ́ kí ọmọ tètè gbéyàwó, kí ó jẹ́ kí ìgbéyàwó olówó pọ́ọ́kú dára lójú ara rẹ̀. Ìbùkún ọjọ́ Sátidé àti ìbùkún lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, bákan náà ni wọ́n rí lójú Ọlọ́run.

Ìpalára tó ga jù nínú àdúrà wọ̀nyí tilẹ̀ wà níbòmíràn. Ọmọ ọdún 15 tó jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní òkè àdúrà ń gbọ́. Ó ń gbọ́ pé ọkọ ni ohun tí Ọlọ́run fi ń fi hàn pé òun fẹ́ràn ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún un kó lè parí girama.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ní Ọ̀sẹ́, láti Ìfọ́n lọ sí Òkèlúsè, oko kòkó àti oko ọ̀pẹ ló kún ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé ní abà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè wà nítòsí, girama kò sí nítòsí gbogbo abà. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì ti ń bani lẹ́rù: wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lójú ọ̀nà ní November 2020. Bí ọba bá lè kú lójú ọ̀nà, bàbá wo ló máa fi ọkàn balẹ̀ jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa dá rìn lọ sí girama? Ọmọ mìíràn ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú, níbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó. Níbẹ̀ ni oyún ti ń dé. Ọlọ́kadà tó ń gbé e, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ kíláàsì rẹ̀, nígbà mìíràn ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyá á kọ́kọ́ rí i. Bàbá á pariwo, á ní kó jáde nílé òun. Lálẹ́, àwọn ìyá àgbà méjì tàbí mẹ́ta á mú ọmọ náà lọ sí ilé ọmọkùnrin, wọ́n á ní, "Ẹ wo ohun tí ọmọ yín ṣe o. A wá fà á lé yín lọ́wọ́." Bí wọ́n bá ti gba oyún, ọmọ náà kò ní bá wọn padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n lè gbé iṣu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kò sí ẹni tó máa pe èyí ní ìgbéyàwó ọmọdé. "Ó ti lọ́kọ" ni wọ́n ń wí.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n á bọ́ aṣọ kúáyà lọ́rùn ọmọ náà, wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n á pè é ní ìbáwí. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ díákónì tàbí alàgbà, ipò tirẹ̀ náà lè mì. Nítorí náà, ó máa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé òun kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀nà tó yára jù ni ilé ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin yẹn, bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ mìíràn, kì í jókòó sẹ́yìn ibì kankan. Níbi tí ìtìjú ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó ń bo orúkọ àwọn àgbà, ó sì ń fi ọmọ ọdún 16 sí ibi tí yóò ti máa se oúnjẹ fún ìyá ọmọkùnrin náà.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ. Lábẹ́ ẹsẹ 31 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀, kò sì lè fi wí pé ọmọ náà gbà gbèjà ara rẹ̀. Bí ọkùnrin ọdún 35 bá fún ọmọ ọdún 15 lóyún, tí a sì lọ fà á lé e lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn la fi iṣu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò bò. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Àlùkùráánì tó pàṣẹ pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ náà sì ń san án: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ léraléra pé ìyá tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 wà nínú ewu gìrì aboyún àti àkóràn lẹ́yìn ìbí ju obìnrin ọdún 20 sí 24 lọ.

Àwọn kan á ní kí ni ìjọ lè ṣe, nígbà tí ọmọ náà kò tilẹ̀ wá síwájú wọn. Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS. Ní ìran kan sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ tiwọn. Wọ́n ń sin ọmọ, wọ́n ń pè é ní àbíkú. Àwọn dókítà pariwo, ìjọba ṣe ìkéde, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí pásítọ̀ àti Ààfáà ní àwọn kò ní so yìgì tàbí fọwọ́ sí ìgbéyàwó láìrí ìwé ni ọ̀rọ̀ dé inú ilé. Báyìí, ọmọ ọdún 17 ní abà ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ bóyá AA ni. Ìjọ ló kọ́ wa. Kò dúró kí gbogbo ènìyàn wá síwájú pẹpẹ kó tó kọ́ wọn. Ó sọ ọ́ di ohun tí ojú ń tini láti má mọ̀.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni mo ń béèrè fún ọmọ ọdún 16. Kí àlùfáà dìde ní Ìfọ́n, ní Ùtẹ̀, ní Ìdògún, kó sọ ọ́ láàárín ìsìn pé ọmọ tó lóyún kò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni, pé bàbá tó bá mú ọmọ rẹ̀ padà sílé kò ní pàdánù ipò rẹ̀, èyí tó bá fà á lé ọkùnrin lọ́wọ́ ni ìjọ máa bi léèrè. Kí Ìmáàmù sọ ọ́ ní kútùbà Jímọ̀. Kí aṣọ kúáyà wà lọ́rùn ọmọ náà. Kí wọ́n lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kó lè padà lẹ́yìn ìbí. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n lé e.

Owó kọ́ ló máa dá a dúró. Owó ìdánwò WAEC ọmọ kan kò tó owó àgọ́ àti àga tí a ń háyà fún àsè ìgbéyàwó kan ṣoṣo ní Ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ Mothers' Union wà ní ìjọ Áńgílíkà jákèjádò agbègbè náà, FOMWAN àti àwọn ẹgbẹ́ àsáláátù wà ní mọ́sáláṣí, gbogbo wọn ló ń dá owó lóṣooṣù, tí wọ́n ń rankọ, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti tọ́ ọmọ, wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé ìkókó sùn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan péré lọ́dún yìí, kí wọ́n sanwó ìdánwò rẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn sí ọjọ́ tí wọ́n máa bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ tó bá ń lọ sí kíláàsì.